Ohun Tí Ajá Yóò Jẹ: Ṣé Èṣù Ni Yóò Máa Ṣe É Títí?

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ohun tí ajá yóò jẹ, Èṣù yóò ṣe é. Òwe yìí dùn létí, ó sì bá ojú ayé mu. Ìyàwó ilé gbé ìkòkò ọbẹ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ kọ ìkòkò, ọbẹ̀ dànù, ajá rí jẹ. Kò sí ẹni tó pète rẹ̀ fún un. Ìjàǹbá ẹlòmíràn ló di àsè fún ajá. Ṣùgbọ́n àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí a wà ní agbègbè Enugu yìí, tí púpọ̀ nínú wa kọ́ òwe lẹ́nu òbí ní ilẹ̀ Ìgbò, kì í ṣe lójú ọjà Ìbàdàn tàbí Ìlọrin, ti wo ọ̀rọ̀ náà títí, a sì rí i pé a ti sọ òwe náà di àwáwí. A gba ajá sílé kí ó máa ṣọ́ wa. A sọ ọ́ ní orúkọ tí a fi ń pa òwe mọ́ aládùúgbò. Bó bá wá di ọ̀rọ̀ oúnjẹ, Èṣù la fà á lé lọ́wọ́. Bí eegun bá ṣẹ́kù nínú àwo, ajá ló ni ín. Bí adìyẹ bá ṣàdédé kú, ajá ló ni ín. Bí ẹ̀dọ̀ tí a rà lọ́jà bá ti ń rùn, kí la ó ṣe sí i? Ajá náà ni.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò gùn. Eegun tí iná ti kàn kì í ṣe oúnjẹ ajá. Ẹran àìsè àti ohun inú ẹran tí a jù sílẹ̀ níbi ìpẹran kì í ṣe oúnjẹ ajá pẹ̀lú, èyí kejì yìí sì léwu fún àwa ènìyàn ju bó ti léwu fún ajá fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní ajá, kí ó se oúnjẹ fún un. A mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín bí wọ́n ti ka gbólóhùn yìí. Ẹ rẹ́rìn-ín tán, kí ẹ sì máa bá wa bọ̀.

Ẹni tó bá mọ Ninth Mile Corner yóò mọ ìdí tí a fi mú ibẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Oríta ni. Ọ̀nà tó ti inú ìlú Enugu gòkè wá pín síbẹ̀: ọ̀kan kọrí sí Onitsha, ọ̀kan kọrí sí Nsukka, Otukpo àti Makurdi. Ọkọ̀ tó ń ti Èkó bọ̀ ń dúró níbẹ̀, èyí tó ń ti Jos bọ̀ ń dúró níbẹ̀. Okpa gbígbóná, búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀pà, ẹran díndín, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbé sá tẹ̀lé fèrèsé ọkọ̀. Ọkọ̀ tí ń pọn omi lọ tà nínú ìlú náà ń tò níbẹ̀. Ibi ìpa-màlúù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ sì mọ̀ pé oríta ni ilé Èṣù. Bóyá ìdí nìyí tí òwe wa fi rí ibùgbé ní Ninth Mile ju ibòmíràn lọ. Èrò ọkọ̀ jẹ itan adìyẹ tán, ó ju eegun láti ojú fèrèsé, ajá mẹ́ta sì ti bẹ̀rẹ̀ ìjà lé e lórí kí ọkọ̀ tó ṣí. Alápatà la ikùn màlúù, ó ya èyí tí kò ṣeé tà sọ́tọ̀, ajá ti ń dúró de òun náà. Ajá tó wà lójú ọ̀nà yìí kò ní olówó kan pàtó, a gbà. Ṣùgbọ́n ajá tí a so mọ́ ẹ̀yìn ilé wa, tí a ń tú sílẹ̀ lálẹ́, ibẹ̀ náà ló ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lórí eegun. Kí iná tó kan eegun, omi wà nínú rẹ̀, èròjà kan sì wà nínú rẹ̀ tí í jẹ́ kí ó tẹ̀ díẹ̀ kí ó tó ṣẹ́. Iná ni í ba èyí jẹ́. Eegun tí a sè, tí a yan tàbí tí a dín ti gbẹ. Bí eyín bá kàn án, ńṣe ni yóò fọ́ wẹ́wẹ́, ẹnu èyí tó fọ́ náà yóò sì mú bí abẹ fẹ́lẹ́. Ti adìyẹ àti ti tòlótòló ló burú jù, nítorí pé wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, inú wọn sì ṣófo. Bí ajá bá ti buni jẹ, bẹ́ẹ̀ náà ló ń bu oúnjẹ jẹ: ìkánjú ni. Kì í jẹ ẹ́ lẹ́nu kúnná bí ewúrẹ́. Ó gé e, ó gbé e mì, pàápàá bí ajá ẹlòmíràn bá dúró tì í.

Ibi tí eegun lè há sí pọ̀. Ó lè há sí àárín eyín lókè ẹnu. Eegun róbótó tí mùdùnmúdùn wà nínú rẹ̀ lè yọ́ wọ àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ajá bí òrùka, kó má sì ṣeé bọ́ mọ́ títí tí a ó fi fi ayùn rẹ́ ẹ. Ó lè há sí ọ̀nà ọ̀fun. Bó bá kọjá ibẹ̀, ó lè dí ìfun pa, tàbí kí ó gún ìfun lu, kí ìgbẹ́ àti oúnjẹ máa jò sínú ikùn. Ajá tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kì í sábà pẹ́ láyé bí kò bá rí iṣẹ́ abẹ lójú ẹsẹ̀. Èyí tí kò gún nǹkankan náà kò lọ láìfa wàhálà. Ẹ̀rún eegun a máa kó ara jọ nísàlẹ̀ ìfun, a sì le bíi sìmẹ́ńtì. Ajá yóò ká ara kò, yóò máa fúnra, kò sì ní í yà nǹkankan bí kò ṣe ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. A kò tíì sọ ti eyín. Eegun ẹsẹ̀ màlúù le ju eyín ajá lọ, eyín ńlá tó fi ń gé ẹran ló sì sábà ń là sí méjì.

Ní Amẹ́ríkà, àjọ FDA tí ń mójútó oúnjẹ àti oògùn kìlọ̀ lórí ọ̀rọ̀ eegun ní ọdún 2010. Wọ́n tún fọhùn ní 2017, pé láàrin oṣù kọkànlá 2010 sí oṣù kẹsàn-án 2017, ìròyìn bíi 68 ló dé ọ̀dọ̀ wọn nípa ajá tí ó fara pa tàbí tí ó ṣàìsàn nídìí eegun yíyan àti eegun tí a fi èéfín gbẹ, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù fún ajá. Nǹkan bí ajá 15 ló kú nínú wọn. Ẹlòmíràn yóò ní iye yìí kò tó nǹkan ní orílẹ̀-èdè tí ajá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ti àwọn tó kọ̀wé ránṣẹ́ nìkan nìyẹn, orí eegun tí wọ́n fi owó rà nìkan ló sì dá lé. Ta ni yóò kọ̀wé sí ìjọba nítorí ajá tó kú ní Ninth Mile?

Àríyànjiyàn tí a máa ń gbọ́ jù ni pé ajá àwọn baba wa jẹ eegun, wọn kò sì kú. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló kà wọ́n? Láyé ìgbà náà, bí ajá bá dá ikùn délẹ̀ tó kú lọ́jọ́ kẹta, ṣé eegun ni wọ́n ń pè é? Wọ́n á ní aládùúgbò ló fi májèlé fún un. Títí di òní olónìí bẹ́ẹ̀ náà ni. Ní ilé kan tí àwọn kan nínú wa gbà nítòsí Ninth Mile, lẹ́yìn Kérésìmesì ọdún kan, ajá onílé kò lè yàgbẹ́ mọ́. Wọ́n pa ewúrẹ́ lọ́dún yẹn, eegun rẹ̀ kò sì lópin. Ní ọjọ́ kìíní, wọ́n ní ọ̀yọ̀ ló jẹ. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ti dárúkọ ẹni tó fi májèlé fún un, arákùnrin kan tí òun pẹ̀lú onílé ń jà sí ààlà ilẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n da epo pupa sí i lọ́fun. Ìgbà tí dókítà ẹranko dé, ọwọ́ ló fi ń wa ẹ̀rún eegun jáde nísàlẹ̀ ìdí ajá náà, fún bíi wákàtí kan. Ajá náà yè. Arákùnrin tí wọ́n fẹ̀sùn kàn náà kò gbọ́ àforíjì kankan, a sì rò pé ó tọ́ sí i.

A kò gbọdọ̀ fò ọ̀rọ̀ epo pupa yẹn kọjá, nítorí pé ní ilé Yorùbá àti ilé Ìgbò, òun ni oògùn ajá fún gbogbo nǹkan. Epo kì í yọ́ eegun. Ajá tí a bá sì fipá da epo sí lọ́fun lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Èyí nìkan tó láti pa á. Bẹ́ẹ̀ ni kí a má ṣe fi igi ti eegun wọlé lọ́fun rẹ̀, kí a má sì mú un bì tipátipá, nítorí pé eegun tó gún un nígbà tó ń lọ sísàlẹ̀ tún lè gún un nígbà tó bá ń bọ̀ lókè. Bí ajá bá ń da itọ́, tó ń gbìyànjú láti bì tí nǹkankan kò jáde, tí ikùn rẹ̀ wú tó sì le, tí ó kọ oúnjẹ, tàbí tí ó ń fúnra lásán, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni kí a gbé e lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Yunifásítì Nàìjíríà tó wà ní Nsukka ní ilé-ìwòsàn ẹranko tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀nà kan náà tó ya ní Ninth Mile ló lọ tààrà síbẹ̀.

Nísinsìnyí, àwọn akẹ́gbẹ́ wa kan wà tí wọ́n kàwé jù wá lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní bí sísè bá ti ń ba eegun jẹ́, kí a kúkú máa fún ajá ní eegun tútù àti ẹran tútù bí Ọlọ́run ti dá a. Ọ̀rọ̀ wọn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Oníṣègùn ẹranko kan ní ilẹ̀ Ọsirélíà, Ian Billinghurst, kọ ìwé kan jáde ní 1993 tó pè ní Give Your Dog a Bone. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn lókè òkun ti ń bọ́ ajá wọn bí ẹni ń bọ́ ìkookò. Àwọn olùwádìí ní Brazil náà gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2016: wọ́n fún àwọn ajá kan ní eegun màlúù tútù láti máa họ, láàrin 20 ọjọ́, ìdọ̀tí líle tó lẹ̀ mọ́ eyín wọn dín kù gidigidi. A kò ní í bo èyí mọ́lẹ̀ torí pé kò bá tiwa mu. Eegun tútù sàn ju eegun sísè lọ ní ti fífọ́.

Ṣùgbọ́n ajá kì í ṣe ìkookò mọ́. Ní 2013, àwọn onímọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ wọn wà ní Sweden fi hàn pé àbùdá kan tí í jẹ́ kí ara lè da oúnjẹ bí iṣu, àgbàdo àti ìrẹsì wà lára ajá ní ìlọ́po. Ìkookò ní ẹ̀dà méjì péré. Ajá ní láti 4 títí dé 30. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé láti ìgbà tí ajá ti ń bá àgbẹ̀ gbé ni inú rẹ̀ ti ń yí padà láti bá oúnjẹ àgbẹ̀ mu. Ẹ̀kọ àti ìrẹsì kì í ṣe ìyà fún ajá, ilé rẹ̀ ló ti bá wọn.

Ohun kejì ni ibi tí ẹran tútù náà ti wá. Ẹni tó ń gbé ìlú London ń ra ẹran tí dókítà ti yẹ̀ wò, tí ó gan nínú fírísà, síbẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ẹranko Amẹ́ríkà kọ̀wé ní 2012 pé kí wọ́n má ṣe fún ajá àti ológbò ní ẹran àìsè nítorí kòkòrò àrùn bíi Salmonella, tí ajá lè gbé kiri nínú itọ́ àti ìgbẹ́ rẹ̀ láìṣàìsàn. Tiwa ńkọ́? Ẹran tútù tó ń dé ọ̀dọ̀ ajá ní Ninth Mile kì í ṣe èyí tí a rà. Èyí tí alápatà kọ̀ ni. Fùkù tó ní kókó nínú, ẹ̀dọ̀ tó ní àpò omi, ìfun tí aràn kún inú rẹ̀, oyún tó kú sínú abo màlúù. Màlúù tó ní ikọ́ fée wà ní orílẹ̀-èdè wa, fùkù sì ni àrùn náà sábà ń fara hàn sí. Ènìyàn wo ohun tó burú, ó ní òun kò lè jẹ ẹ́, ó wá jù ú fún ẹranko tí ń lá ọmọ rẹ̀ lẹ́nu!

Àpò omi inú ẹ̀dọ̀ yẹn ni a fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Aràn kan wà tí kò gùn ju ìwọ̀n mílímítà mẹ́ta sí mẹ́fà lọ. Orúkọ rẹ̀ ní èdè àwọn onímọ̀ ni Echinococcus. Inú ìfun ajá ló ń gbé, ajá tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ nínú lè máa dán, kí ó máa ju ìrù, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ẹyin aràn náà ń bá ìgbẹ́ ajá jáde, ó ń lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀, mọ́ imú rẹ̀, mọ́ koríko. Bí màlúù, àgùntàn tàbí ràkúnmí bá jẹ koríko yẹn, àpò omi yóò hù sínú ẹ̀dọ̀ tàbí fùkù rẹ̀. Bí ajá bá tún jẹ ẹ̀dọ̀ náà ní tútù, aràn tuntun ti wọ inú ajá nìyẹn. Àárín ajá àti ẹran ọ̀sìn ni ó yẹ kí àyípo náà mọ. Ṣùgbọ́n ọmọdé tó fọwọ́ pa ajá lára tó sì fi ọwọ́ kan náà jẹ okpa ti wọ àárín wọn. Àpò omi náà yóò máa dàgbà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fún ọdún pípẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sì sábà fi ń yọ ọ́. Ní Turkana, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Kenya, níbi tí ajá àti ọmọ ọwọ́ ti ń gbé pọ̀ tímọ́tímọ́, àrùn yìí ti pọ̀ débi tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé. Ní Nàìjíríà, ara ràkúnmí ní Òkè Ọya la ti rí i jù. Ẹ má ṣe wí pé Òkè Ọya jìnnà: láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹran tí à ń pa ní Enugu ti ń wá.

Orílẹ̀-èdè kan wà tó ti jìyà àrùn yìí jù wá lọ tó sì bọ́. Iceland ni. Ní 1863 ni ọmọ ilẹ̀ Denmark kan, Harald Krabbe, lọ síbẹ̀, ó la ajá 100 wò, 28 nínú wọn ló ní aràn náà. Kò sí oògùn gidi nígbà náà, kò sí ẹ̀rọ. Ìwé kékeré ni wọ́n kọ tí wọ́n sì pín fún àwọn ará ìlú láti ilé dé ilé: ẹ má ṣe fún ajá ní ẹ̀dọ̀ àti fùkù tó ní àpò omi, ẹ rì í mọ́lẹ̀ tàbí kí ẹ sun ún níná. Òfin tẹ̀lé e lẹ́yìn náà. Àwọn ènìyàn náà mọ̀wé kà, wọ́n kà á, wọ́n sì ṣe é. Àrùn náà ti tán níbẹ̀. Bí ìwé pélébé bá lè ṣe èyí láàrin àwọn darandaran ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí ló dé tí àwa tí à ń kàwé ní yunifásítì kò fi lè bá alápatà mẹ́wàá sọ̀rọ̀ ní èdè Ìgbò àti Hausa tí a kúkú gbọ́? Ihò tó jìn tó ní ìdérí lẹ́bàá ibi ìpẹran kò ju iṣẹ́ ọjọ́ méjì lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ Udi ni a ó kọ́kọ́ gbé ìwé lọ bá.

Adìyẹ tó kú fúnra rẹ̀ náà ńkọ́? Ní oṣù kejì 2006, oko adìyẹ kan ní Jaji, ìpínlẹ̀ Kaduna, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn ẹyẹ H5N1 ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ní Thailand, ní 2004, ajá kan jẹ òkú pẹ́pẹ́yẹ tó ní àrùn yìí, òun náà sì kú. Ní ìparí 2024, ológbò kan kú ní Oregon ní Amẹ́ríkà nítorí ẹran tòlótòló tútù tó ní àrùn náà, tí wọ́n tà fún olówó rẹ̀ ní oúnjẹ ológbò. Nítorí náà, adìyẹ tó bá ṣàdédé kú lẹ́yìn ilé, ilẹ̀ ló ni ín, kì í ṣe ajá.

Ó wá ku ohun tí ajá yóò jẹ. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má ṣe rò pé ẹ̀bà lásán tó. Nsukka níbí yìí ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ ìwádìí kan tí onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Kamalu tẹ̀ jáde ní 1991: wọ́n fi gàrí bọ́ àwọn ajá kan, wọ́n fi ìrẹsì bọ́ àwọn kan, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá. Àwọn tó jẹ gàrí ni wọ́n rí ìbàjẹ́ lára ẹ̀yà ara tó wà lẹ́bàá ikùn wọn, èyí tí í ṣe omi tí ń da oúnjẹ. Ìwádìí yìí yẹ kó jẹ́ ká ro tiwa náà wò nílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ mìíràn la ó sọ ìyẹn.

Ìrẹsì, ẹ̀kọ tàbí iṣu ni kí ẹ fi ṣe ìdí oúnjẹ. Ẹ ra fùkù tàbí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ alápatà tí ẹ mọ̀, kò wọ́n bí ẹran gidi. Ẹ gé e wẹ́wẹ́ kí ooru lè dé inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó hó fún nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú, ẹ pò ó mọ́ ìrẹsì. Ẹyin sísè dára. Bí eegun bá wà nílé, ẹ se é, ẹ da omi rẹ̀ sí oúnjẹ ajá nígbà tó bá tutù, kí ẹ sì kó eegun náà dànù síbi tí ajá kò ti lè hú u. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi àlùbọ́sà sí i, ì báà jẹ́ tútù ì báà jẹ́ sísè, nítorí pé ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ìdí nìyí tí ọbẹ̀ ata tó ṣẹ́kù fún wa kì í fi í ṣe oore fún un.

A ti gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí ẹran jẹ, ẹ ní kí ó se ẹ̀dọ̀ fún ajá! Ọ̀rọ̀ náà wọni lára, nítorí pé àwa náà ti fi omi gàrí sùn rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin mélòó lẹ ń jọ gbé ilé? Bí ènìyàn mẹ́fà bá ń gbé ilé kan tí ajá kan ń ṣọ́ wọn, tí olè kò jà wọ́n láti ọdún tó kọjá, ṣé wọn kò lè dá owó fùkù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀? Bí wọn kò bá lè ṣe é, kí wọ́n má ṣe gba ajá. Kò sí ẹni tó fi dandan mú un. Ajá tí ebi ń pa kì í ṣọ́ ilé. Oríta ló ń lọ, ibẹ̀ ló ti ń bá àwọn ajá mìíràn jà lórí eegun, níbẹ̀ sì ni ajá dìgbòlugi ti ń gé e jẹ. Àjọ WHO fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún lágbàáyé, àwọn ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ajá wà, kí a gún un lọ́dọọdún, kí a sì fún un ní oògùn aràn nígbà tí dókítà bá dá fún un.

Ó ku ti àwa fúnra wa. Ẹgbẹ́ wa ń ṣe àsè ìparí ọdún, a ń pa ewúrẹ́, a ń se adìyẹ, nígbà tí ilẹ̀ bá sì mọ́, ajá gbogbo àdúgbò ló wà lórí pápá tí a ti jókòó. Lọ́dún yìí, a dábàá pé kí ìgbìmọ̀ oúnjẹ ra garawa ńlá méjì tó ní ìdérí, kí a gbé ọ̀kan sí ìhà kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù da eegun sínú rẹ̀ kí ó tó dá àwo padà. A ó gbẹ́ ihò sílẹ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn lọ́jọ́ tó ṣáájú, a ó sì rì í mọ́lẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà kí ijó tó tán. Ẹni méjì la nílò láti dúró ti garawa wọ̀nyí. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó kò.